Ìjọ tí A Kì Í Bí Ọmọ Sí: Ìgòkè àti Ìfàsẹ́yìn Àwọn Mennonite

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ nítorí ìtàn àwọn òyìnbó tó ti kú tipẹ́tipẹ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn Mennonite, ọmọ ìjọ Kristẹni kan, láti gbogbo ayé péjọ sí ìlú Zürich ní Switzerland, wọ́n ń ṣe àjọ̀dún 500 ọdún tí ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀. Ìlú yẹn gan-an ló rì wọ́n sínú odò nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú àwọn tó péjọ yóò rí ohun tó gbé mi dé ibí lónìí. Àjọ tó so àwọn ìjọ wọ̀nyí pọ̀ kà wọ́n ní 2018, àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi lé ní mílíọ̀nù méjì ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 80. Áfíríkà ni wọ́n ti pọ̀ jù. Ìjọ kan ṣoṣo ní Etiópíà, Meserete Kristos, ní ọmọ ìjọ ju gbogbo Mennonite Yúróòpù lápapọ̀ lọ, ó jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní Họ́láǹdì ńkọ́, níbi tí wọ́n ti bí Menno Simons tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Àwọn tó kù níbẹ̀ kò tó 10,000 mọ́.

Bí a bá béèrè ìdí, ìdáhùn kan wà tí gbogbo oníwàásù mọ̀ sórí: inúnibíni ló ń mú ìjọ gbèrú, ìrọ̀rùn ló ń pa á. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, màá sì fi ìtàn àwọn ènìyàn yìí gan-an tako ó.

Ohun tí èmi rí ni pé ìjọ yìí kì í ní ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín o: wọ́n ń bímọ, wọ́n tilẹ̀ ń bí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Nínú ìjọ Àgùdà, ti Ṣọ́ọ̀ṣì àti ti Mẹ́tọ́díìsì, a ti ń gbé ọmọ lọ síbi omi kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Lọ́dọ̀ àwọn Mennonite, ọmọ gbọ́dọ̀ dàgbà, kí ó ronú, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Nítorí náà, ní gbogbo ìran ni ìjọ náà ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ibi tí ìbéèrè yẹn bá ti jẹ́ ìbéèrè tòótọ́ ní etí ọmọ ogún ọdún, ìjọ á wà. Ibi tí ó bá ti di àṣà lásán, ó lè pẹ́ o, ṣùgbọ́n yóò tán. Ibi tí ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" bá sì ti já sí ikú láìsí ibi tí ènìyàn lè sá sí, yóò tán kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Zürich. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kínní ọdún 1525, àwọn ọkùnrin díẹ̀ kóra jọ sílé ìyá Felix Manz. Conrad Grebel da omi lé George Blaurock lórí, Blaurock náà sì da omi lé àwọn yòókù. (Ẹ̀yin ará Onítẹ̀bọmi, ẹ má bínú: dídà ni wọ́n dà á, wọn kò ri ẹnikẹ́ni.) Gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀tá fi sọ wọ́n ní atúnrìbọmi. Lójú wa, ó lè dà bí àríyànjiyàn àwọn àlùfáà. Ní Zürich ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ọmọ tí a bí sí ìlú ni a bí sí ìjọ, omi ìrìbọmi ló fi í mọ́ ara ìlú. Ẹni tó bá ní òun kò ní gbé ọmọ òun lọ ti ń já okùn tó so ìlú pọ̀. Wọ́n tún ní àwọn kò ní búra, àwọn kò sì ní gbé idà. Ìlú tó jẹ́ pé ìbúra àwọn ará ìlú ló fi ń ṣèjọba, tó jẹ́ pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ọmọ ogun rẹ̀, kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó dákẹ́.

Kò dákẹ́ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kínní ọdún 1527, wọ́n di ọwọ́ Manz mọ́ orúnkún rẹ̀, wọ́n sì jù ú sínú odò Limmat. Ẹni tó ṣẹ̀ pẹ̀lú omi, kí ó fi omi jìyà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kù pàdé ní abúlé Schleitheim, wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méje: ìrìbọmi, ìyọlẹ́gbẹ́, oúnjẹ Olúwa, ìyàsọ́tọ̀ kúrò nínú ayé, olùṣọ́-àgùntàn, idà àti ìbúra. Michael Sattler tó darí ìpàdé náà kò rí òpin ọdún. Wọ́n dáná sun ún ní Rottenburg ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì rì ìyàwó rẹ̀ sómi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Níbí yìí ni àwọn oníwàásù máa ń dúró sí. Ẹ jẹ́ kí a má dúró. Zürich kò jáwọ́. Ní 1614, ó bẹ́ orí Hans Landis, àgbẹ̀ àti oníwàásù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gba ilẹ̀ àti dúkìá, ó ń ti ènìyàn mọ́lé, ó ń lé wọn nílùú, títí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi parí tí kò sí ìjọ wọn kankan mọ́ ní àwọn abúlé Zürich. Ẹ̀jẹ̀ sàn dáadáa níbẹ̀, irúgbìn kò hù.

Ẹ wá wo Bern tó múlé tì í. Bern náà burú: ó sanwó fún àwọn ọdẹ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa dọdẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ, ó sì rán àwọn kan lọ wa ọkọ̀ ogun lójú òkun bí ẹrú. Síbẹ̀, ìjọ wọn tó wà ní Langnau, ní àfonífojì Emmental, ṣì wà títí di òní. Kí ló fa ìyàtọ̀? Oko tó fọ́n káàkiri orí òkè wà lára rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí kò ṣe ìrìbọmi kejì rárá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi wọ́n pamọ́, tí wọ́n ń ta wọ́n lólobó. Ọ̀nà àsálà náà sì wà: àwọn ọmọ ọba ní Palatinate, ní Jámánì, ń wá àgbẹ̀ tí yóò tún ilẹ̀ tí ogun ti bàjẹ́ ṣe, àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì kọjá síbẹ̀ ní 1671. Inúnibíni tí ó ní ẹ̀yìnkùlé yàtọ̀ sí èyí tí kò ní.

Menno Simons kò sí nínú ìtàn Zürich. Ọmọ Witmarsum ní Friesland ni, wọ́n bí i ní 1496, àlùfáà Àgùdà sì ni. Ní 1531, ó gbọ́ pé wọ́n bẹ́ orí aránṣọ kan ní Leeuwarden nítorí pé ó ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀kejì. Ó yà á lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ nínú Bíbélì, kò rí i. Síbẹ̀ kò kúrò nípò. Ohun tó lé e jáde ni Münster. Ní 1534, àwọn atúnrìbọmi kan gba ìlú Münster, wọ́n ní Jerúsálẹ́mù tuntun ni. Jan van Leiden sọ ara rẹ̀ di ọba, ó fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ, wọ́n sì ń pa ẹni tó bá ta kò wọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1535, ọmọ ogun bíṣọ́ọ̀bù wọlé. Àgò irin mẹ́ta tí wọ́n kó òkú àwọn olórí sí ṣì ń rọ̀ lórí ilé ìṣọ́ ìjọ Lambert Mímọ́ títí di òní. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, kí ó wòkè.

Lẹ́yìn Münster, orúkọ wọn di èérí káàkiri. Ìgbà yẹn gan-an, ní oṣù Kínní ọdún 1536, ni Menno fi ipò àlùfáà sílẹ̀ tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n fọ́n ká. Mo máa ń rò ó pé kò sí ìgbà tó burú ju ìyẹn lọ tí ènìyàn lè wọ inú ẹgbẹ́. Ó kó wọn jọ sábẹ́ òfin pé idà kò sí mọ́. Ní 1539, wọ́n pa àgbẹ̀ kan, Tjaard Renicx, nítorí pé ó gbà á sílé. Ní 1542, Ọba Charles Karùn-ún fi 100 guilder lé orí Menno. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi ń sá káàkiri pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó sì kú lórí ibùsùn ara rẹ̀ ní 1561, ní Holstein, lórí ilẹ̀ ọlọ́lá kan tó fi wọ́n pamọ́.

Họ́láǹdì ni màá pẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà tí Họ́láǹdì bá Sípéènì jagun tó gba òmìnira, ìpànìyàn dáwọ́ dúró. Ní 1577, William ti Orange ní kí wọ́n má fipá mú àwọn Mennonite Middelburg búra. Ní 1579, àdéhùn Utrecht ní kò sí ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ fìyà jẹ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìjọ wọn gbèrú, owó wọn náà sì gbèrú. Wọ́n wà nídìí ẹja àbùùbùtán, igi, aṣọ ọ̀gbọ̀ Haarlem àti ọkọ̀ òkun. Leeghwater tó wà lára àwọn tó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fa omi adágún Beemster gbẹ ní 1612, tiwọn ni. Vondel, akéwì tó gbajúmọ̀ jù lédè wọn, díákónì wọn ni kó tó lọ di Àgùdà. Rembrandt ya àwòrán Anslo, oníwàásù wọn ní Amsterdam, ní 1641. Ẹ wo awọ ẹranko tó wà létí aṣọ rẹ̀, kí ẹ sọ bóyá olùsá ni.

Òfin ní ilé ìjọsìn wọn kò gbọ́dọ̀ hàn síta. Nítorí náà, ìjọ tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀bá Singel ní Amsterdam ní 1608 fara pamọ́ sẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá ń kọjá lójú pópó kò ní mọ̀ pé ìjọ wà níbẹ̀. Ní ìlú Amsterdam yìí náà ni John Smyth, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó sá kúrò nílé, ti da omi lé ara rẹ̀ lórí ní 1609. Ó wá rò ó pé kò yẹ kí òun ti ṣe é fúnra òun, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí àwọn Mennonite gba òun. Thomas Helwys, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ̀, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àwọn díẹ̀, wọ́n sì dá ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti lọ sí Amẹ́ríkà, tí Bowen fi gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1850. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rí i pé ará ilé ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìjà wọn náà kò kéré. Ìjọ tó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ìpinnu àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lè yọ àgbàlagbà tó bá yẹsẹ̀. Menno pàápàá le lórí èyí. Tọkọtaya tí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú wọn, wọn kò gbọdọ̀ bá ara wọn jẹun. Láti nǹkan bí 1566, àwọn tó sá wá láti Flanders àti àwọn onílé ní Friesland yọ ara wọn lẹ́gbẹ́. Ìtàn sọ pé àwọn ará Flanders fẹ́ràn aṣọ, àwọn ará Friesland fẹ́ràn ilé àti ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, ẹnì kìíní sì ń wo ẹnì kejì bí ẹni ayé. Wọ́n tún pín, wọ́n tún pín. Ní 1664, ìjọ ńlá Amsterdam fọ́ sí méjì lórí bóyá ó yẹ kí ìwé ìgbàgbọ́ de ènìyàn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọ̀dọ́-àgùntàn, èkejì ń jẹ́ Oòrùn, nítorí àmì tó wà lára ilé tí wọ́n ń lò. Wọn kò bára wọn ṣe títí di 1801. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ìjọ kejì, wọ́n á yọ ọ́, àwọn ọmọ tó bá bí á sì di ti ìjọ ìlú.

Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé wọ́n tó 160,000 ní Họ́láǹdì ní nǹkan bí 1700. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi bẹ̀rẹ̀, wọn kò tó 30,000. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kan péré! Wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ ìjọ ìlú nìkan ló lè di olóyè ìlú, nítorí náà ọmọ oníṣòwò tó bá fẹ́ jókòó sí ìgbìmọ̀ á kọjá sódìkejì, á fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ní abúlé, àgbà tó ń wàásù láìgbowó kú, kò sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ ní Amsterdam ní 1735, àwọn ọ̀mọ̀wé jáde níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ àga ìjókòó ń ṣófo.

A máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn wọ̀nyí kọ́ ọmọ wọn, kò sí ọmọ tó kàwé jù wọ́n lọ ní Yúróòpù. Ilé náà ni kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò mọ́. Van der Kemp, oníwàásù wọn ní Leiden, gbé ìbọn pẹ̀lú àwọn olóṣèlú tó fẹ́ ìjọba tuntun ní àwọn ọdún 1780, lẹ́yìn náà ó sá lọ sí Amẹ́ríkà. Èmi kò dá a lẹ́bi, òmìnira ló ń jà fún. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó jókòó síwájú rẹ̀ ní ìjọ yóò béèrè pé: kí gan-an ni ẹ ní kí n yàn? Wọ́n ṣe ohun dáadáa lẹ́yìn náà, àwọn ló kọ́kọ́ gba obìnrin, Anna Zernike, ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Họ́láǹdì, ní 1911. Ìyẹn náà kò dá òǹkà padà.

Ní apá kejì, ìjọ tún lè kú nípa dídi orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Họ́láǹdì ṣì ń pa wọ́n, àwọn kan gba ojú òkun lọ sí ẹnu odò Vistula lẹ́bàá Danzig, tó wà lábẹ́ ọba Póláǹdì. Irà ni ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń gbẹ irà. Wọ́n lo ohun tó lé ní igba ọdún níbẹ̀, wọ́n fi èdè Jámánì rọ́pò ti Họ́láǹdì, kí Prussia tó gba ilẹ̀ náà, tó ní ẹni tí kò bá jagun kò gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ọbabìnrin Catherine ti Rọ́ṣíà ń wá àgbẹ̀ sí pápá gúúsù. Ìdílé 228 ló kọ́kọ́ dá Khortitsa sílẹ̀ lẹ́bàá odò Dnieper ní 1789, àwọn mìíràn dá Molotschna sílẹ̀ ní 1804.

Ọba Paul fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ ní 1800: kò sí iṣẹ́ ológun títí ayé, kò sí ìbúra, àwọn ni yóò máa ṣàkóso abúlé wọn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 70. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe, wọn kò gbọ́dọ̀ wàásù fún ará Rọ́ṣíà. Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe rí. Abúlé ni ìjọ, ìjọ ni abúlé. Ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi, nítorí náà gbogbo ọ̀dọ́ ń ṣe ìrìbọmi ní nǹkan bí ogún ọdún, ẹ sì mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn lọ́jọ́ náà! Ohun tí Manz kú fún, kí a má bí ọmọ sí ìjọ, ti yí padà di ohun tí òfin ọba ń ṣọ́.

Wọ́n lówó. Johann Cornies kọ́ wọn ní gbíngbin igi, àgùntàn onírun dáadáa àti ọ̀nà títún ilẹ̀ ṣe títí àwọn aṣojú ọba fi ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n oko kò ṣeé pín, àwọn ọmọ sì ń pọ̀. Ní àwọn ọdún 1860, púpọ̀ jù nínú ìdílé Molotschna kò ní ilẹ̀, ẹni tí kò nílẹ̀ kò sì lè dìbò. Ní oṣù Kínní ọdún 1860, olórí ilé 18 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ń jáde kúrò nínú ìjọ tó ti kú. Ariwo tó tẹ̀ lé e fi gbogbo rẹ̀ hàn: bí wọ́n bá kúrò nínú ìjọ, ṣé wọ́n ṣì ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀?

Nígbà tí ọba ní òun yóò fagi lé ẹ̀tọ́ àìṣe iṣẹ́ ológun, nǹkan bí 18,000 kó lọ sí Kansas, Manitoba àti àwọn ibòmíràn láti 1874, wọ́n kó àlìkámà wọn dání. Àwọn tó dúró gba iṣẹ́ igbó dípò ogun, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn, wọ́n sì tó 100,000 kí ogun àgbáyé tó dé. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ wọn gbé ìbọn láti dáàbò bo abúlé. Ọmọ ogun Nestor Makhno, olórí ọlọ̀tẹ̀ kan ní Ukraine, bọ́ sí abúlé wọn, Eichenfeld, ní òru kan ní 1919, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 70. Ìyàn tẹ̀ lé e. Nítorí rẹ̀ ni àwọn Mennonite Amẹ́ríkà ṣe dá àjọ ìrànwọ́ sílẹ̀ ní 1920, àjọ náà sì wà di òní. Ẹni tó rí ọ̀nà lọ sí Kánádà lọ, wọ́n tó 20,000 kó tó di 1930. Stalin ti ilé ìjọsìn, ó kó àwọn oníwàásù lọ. Nígbà tí ọmọ ogun Jámánì tó ti gba ilẹ̀ náà ń sá padà ní 1943, nǹkan bí 35,000 tẹ̀ lé wọn. Púpọ̀ jù nínú wọn ni ìjọba Sófíẹ̀tì mú padà, tó sì fọ́n sí Síbéríà àti Kasakísítáànì. Ti Vistula náà parí ní 1945. Kò yẹ kí n fi èyí bo ẹnu: àwọn Mennonite Jámánì ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ àìjagun wọn fún Hitler, àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn sì lo ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ Stutthof lóko wọn.

Ní Karaganda, ní Kasakísítáànì yẹn, lẹ́yìn ikú Stalin, ìjọ tún hù. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù, nítorí wọ́n ti kó ọkọ wọn lọ. Kò sí ilẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀tọ́, ẹni tó bá sì ṣe ìrìbọmi mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bọ́.

Amẹ́ríkà ni ẹ rò pé màá pẹ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn ìwé wọn ti pọ̀ tó. Ẹ kàn gba nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ní 1688, àwọn mẹ́rin ní Germantown, tí àwọn kan nínú wọn ti inú ìdílé Mennonite wá, kọ ìwé tako òwò ẹrú nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń kó àwọn ènìyàn wa láti Ouidah, ṣùgbọ́n ìpàdé ìjọ Quaker tí wọ́n gbé e fún tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì: àwọn Amish tó yapa lábẹ́ Jakob Ammann ní 1693 tán ní Yúróòpù ní 1937, wọ́n sì ti lé ní 350,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n máa ń fún ọ̀dọ́ wọn láyè kó tó yàn, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ń dúró. Ẹ̀kẹta: ìjọ Mennonite tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n so pọ̀ ní 2002, ti pàdánù bí ìdajì ọmọ ìjọ rẹ̀ nítorí ìjà lórí ìgbéyàwó àwọn tó jẹ́ akọ sí akọ, abo sí abo. Àwọn tí kò dá sí ìjà yẹn rárá, àwọn ará abúlé tó ṣì ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin rìn, ń pọ̀ sí i.

Nàìjíríà náà wà nínú ìtàn náà. Ní 1958, àwọn ìjọ tí àwọn ará Ibibio dá sílẹ̀ fúnra wọn ní agbègbè Uyo, tó jọ Aládùúrà tiwa, kọ̀wé pe àwọn Mennonite. Edwin àti Irene Weaver, tọkọtaya tó ti pẹ́ ní Íńdíà, dé ní 1959. Wọ́n bá ìjọ jàǹtìrẹrẹ níbẹ̀. Dípò kí wọ́n so gbogbo rẹ̀ mọ́ orúkọ Mennonite, púpọ̀ nínú ọdún wọn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ìjọ wọ̀nyí ní Bíbélì, tí wọ́n sì ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ tó wà láàrin wọn àti àwọn ìjọ míṣọ́nnárì. Ogun 1967 lé wọn lọ. Ìjọ kékeré kan ń jẹ́ orúkọ náà ní Akwa Ibom títí di òní. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tóbi ju òǹkà rẹ̀ lọ.

Etiópíà ni ibùdókọ̀ ìkẹyìn. Àwọn Mennonite Amẹ́ríkà gbé ìrànwọ́ lọ síbẹ̀ ní 1945 lẹ́yìn tí Ítálì kúrò, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn sí Nazareth, tí a ń pè ní Adama báyìí. Ọba Haile Selassie kò fẹ́ kí wọ́n wàásù níbi tí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, ìjọ náà kéré. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Nazareth bẹ míṣọ́nnárì kan kí ó kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Jòhánù ni wọ́n fi ṣe ìwé kíkà. Ẹ̀mí bà lé wọn, bí wọ́n ti sọ ọ́, wọ́n ń fahọ̀n sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn míṣọ́nnárì díẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ló da ìgbóná sínú ìjọ Meserete Kristos.

Ní oṣù Kínní ọdún 1982, ìjọba Derg, ìjọba ológun tó lé ọba kúrò, gba ilé ìjọsìn àti gbogbo dúkìá wọn, ó sì ti àwọn olórí mọ́lé fún ọdún tó ju mẹ́rin lọ. Ọmọ ìjọ wọn jẹ́ nǹkan bí 5,000 lọ́jọ́ náà. Wọ́n fọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké nínú ilé, ènìyàn márùn-ún tàbí díẹ̀ sí i, wọn kì í kọrin sókè, obìnrin ń darí níbi tí ọkùnrin kò sí. Nígbà tí Derg ṣubú ní 1991, wọ́n jáde síta, nǹkan bí 34,000.

Mo mọ̀ pé ẹni kan yóò dìde sọ pé: Olùkọ́, ìdáhùn àwọn oníwàásù náà rèé! Rárá. Derg le, ṣùgbọ́n kò gba ilé tí ènìyàn ń sùn, kò sì lè ka àwọn aládùúgbò tó wọlé wá mu kọfí. Àwọn 29,000 tó kún un kì í ṣe ọmọ Mennonite. Ọ̀pọ̀ wọn jáde láti inú ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí wọ́n bí wọn sí, kò sí ilẹ̀ tàbí ìyàwó tó ń dúró dè wọ́n níbi omi. Láti ìgbà náà, wọ́n ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Bishoftu.

Ohun tí mo ń wò báyìí ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1991. Àwọn tó dàgbà jù nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òbí wọn ni ọmọ ìjọ, ìjọ ní ilé, ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ènìyàn pàtàkì wà nínú rẹ̀, ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 sì ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bóyá wọn yóò gbé ìbọn. Ìbéèrè ogún ọdún, tí Amsterdam kò rí ohun tí yóò fi dáhùn ní 1700, ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ti ìyẹn, àwọn alàgbà Addis Ababa mọ̀ jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè tiyín.